Orúkọ Ara RAM àti Ẹni Tó Ṣe É Gan-an

Nínú gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ilé, RAM wà lára èyí tó rọrùn jù lọ láti pààrọ̀, nítorí pé ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ rárá pàápàá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ti àtijọ́ kí ó sì ki tuntun bọ ojúhò rẹ̀ láìpẹ́ rárá. Síbẹ̀, òun náà ni ẹ̀yà tí olùrà kì í sábà mọ ẹni tó ṣe é. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ lè jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, kí àwọn ṣíìpù dúdú tó wà lábẹ́ orúkọ náà ti South Korea wá, kí ó sì jẹ́ pé Taiwan tàbí China ni wọ́n ti tò wọ́n mọ́ pátákó. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ RAM tó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé kò lè parí sórí kíka orúkọ ọjà tó gbajúmọ̀. Ohun tó yẹ kí olùrà wádìí ni ẹni tó ṣe ṣíìpù, ẹni tó dán ọjà náà wò lẹ́yìn tí wọ́n tò ó tán, àti ẹni tí yóò gbà á padà bí ó bá bàjẹ́.

RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́wọ́ sí: lẹ́tà tí ènìyàn ń tẹ̀, àwòrán tó ṣí sílẹ̀, orin tó ń gbọ́, àti Windows fúnra rẹ̀, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ wà nínú RAM kí CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó lè bá wọn ṣiṣẹ́. Ó yàtọ̀ sí háàdì dísìkì tàbí SSD, tí í ṣe ibi ìpamọ́ tí ohun inú rẹ̀ kì í parẹ́ bí iná bá lọ, nítorí pé RAM a máa gbàgbé ohun gbogbo ní kété tí iná bá ti kúrò lára rẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà rántí nǹkan ló fà á. Robert Dennard, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, ló ronú kan ọ̀nà náà ní 1966, tí ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1968: yàrá kékeré kọ̀ọ̀kan nínú ṣíìpù ní tiransísítọ̀ kan ṣoṣo, tó ń ṣí ọ̀nà fún iná tó sì ń dí i, àti kàpásítọ̀ kan ṣoṣo, tó ń gba iná díẹ̀ dúró; bí iná bá wà nínú kàpásítọ̀, kọ̀ǹpútà a kà á sí 1, bí kò bá sí, a kà á sí 0. Kàpásítọ̀ yìí dà bí igbá tó ń jò, tí omi inú rẹ̀ ń dín kù láìdúró, ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi gbọ́dọ̀ máa padà bu iná kún gbogbo yàrá wọ̀nyí ní nǹkan bí ìgbà 16 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nínú wọn yóò parẹ́. Ṣíìpù 1103 tí Intel gbé jáde ní 1970 ní yàrá 1,024 péré. Ṣíìpù kan ṣoṣo lára èyí tó wọ́pọ̀ lónìí ní ju bílíọ̀nù 8 lọ, RAM kan tó jẹ́ 8GB sì sábà máa ń ní mẹ́jọ irú rẹ̀ lára.

Níbi tí yàrá ti pọ̀ tó báyìí, kò sí bí ọ̀kan tàbí méjì kò ṣe ní ṣìṣe lọ́jọ́ kan. Ní 1978, àwọn onímọ̀ Intel méjì, Timothy May àti Murray Woods, fi hàn pé ìtànṣán tó ń jáde láti ara ohun èlò tí wọ́n fi bo ṣíìpù lè yí 1 padà sí 0 láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́ lára ṣíìpù náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, irú àṣìṣe tó ń wá tó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn gbà pé ó wọ́pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ní 2009, Bianca Schroeder ti Yunifásítì Toronto àti àwọn onímọ̀ Google méjì gbé ìwádìí jáde lórí RAM tó wà nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà Google. Wọ́n rí i pé ju ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn RAM náà ló ń ṣe àṣìṣe láàárín ọdún kan, pé èyí tó bá ti ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan sábà máa ń tún un ṣe, àti pé ohun tó ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni àbùkù tó wà lára RAM fúnra rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí fún olùrà ni pé RAM tó ní àbùkù kì í wo ara rẹ̀ sàn, àti pé bí wọ́n ṣe ṣe é àti bí wọ́n ṣe dán an wò kí ó tó dé ọjà ni ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́ jù lọ.

Ìyàtọ̀ kan sì wà tó mú kí ọ̀rọ̀ náà le fún onílé ju bó ṣe le fún ilé-iṣẹ́ lọ. Àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí ilé-iṣẹ́ ń lò, tí à ń pè ní sáfà, máa ń lo RAM tó ní ṣíìpù àfikún, tí ń ṣọ́ àṣìṣe tó sì ń tún èyí tó bá kéré ṣe lójú ẹsẹ̀. ECC ni orúkọ ètò náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà ilé kò ní in. Bí yàrá kan bá ṣìṣe nínú RAM ilé, kò sí ẹni tí yóò sọ fún onílé: ó lè jẹ́ pé àwòrán ìgbéyàwó kan ni yóò ní ìlà aláwọ̀ ewé gba àárín rẹ̀ kọjá, tàbí kí fáìlì tí ó ti ń kọ láti òwúrọ̀ kọ̀ láti ṣí, tàbí kí ojú kọ̀ǹpútà di búlúù kí ó sì kọ MEMORY_MANAGEMENT síbẹ̀ kó tó kú. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe mọ irú oníbàárà tó ti fi Windows tuntun sí ẹ̀rọ rẹ̀ léraléra nítorí irú wàhálà yìí, nígbà tó jẹ́ pé RAM ló bàjẹ́. Òtítọ́ ni pé RAM tuntun tí à ń pè ní DDR5 ní ètò àtúnṣe díẹ̀ nínú ṣíìpù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ètò náà kò ṣọ́ ọ̀nà tó wà láàárín ṣíìpù àti CPU, kò sì lè gba ipò ECC gidi.

Àwọn tó ń ṣe ṣíìpù yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò pọ̀ rárá. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù lọ ní gbogbo àgbáyé: Samsung àti SK hynix ní South Korea, àti Micron ní Amẹ́ríkà. Samsung wọ iṣẹ́ náà ní 1983, ọdún kan náà tí wọ́n dá Hyundai Electronics sílẹ̀, èyí tó yí orúkọ padà sí Hynix ní 2001, tó sì di SK hynix nígbà tí ẹgbẹ́ oníṣòwò SK rà á ní 2012. Micron ti wà láti 1978 ní ìlú Boise ní ìpínlẹ̀ Idaho. Lẹ́yìn àwọn mẹ́ta yìí, Nanya ti Taiwan àti CXMT ti China, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2016, wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tó àwọn mẹ́ta náà rárá. Kì í ṣe pé àwọn mìíràn kò gbìyànjú. Qimonda ti Jámánì wó lulẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009. Elpida ti Japan wọ gbèsè débi pé ó sá lọ sábẹ́ ààbò ilé ẹjọ́ ní 2012, Micron sì rà á ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìdí tí wọ́n fi ń wó ni pé ilé ìṣe-ṣíìpù kan ṣoṣo ń gba ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là láti kọ́, owó ọjà náà sì máa ń lọ sókè sódò débi pé ẹni tí àpò rẹ̀ kò jìn kò lè dúró títí di ọdún tí ọjà yóò sunwọ̀n.

Bí àwọn tó ń ṣe ọjà kan bá kéré báyìí, olùrà ló ń san owó rẹ̀. Láàárín 2004 sí 2006, Infineon, Hynix, Samsung àti Elpida jẹ́wọ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà pé àwọn lẹ̀dí àpò pọ̀ lórí iye tí àwọn yóò máa ta RAM, wọ́n sì gbà láti san owó ìtanràn. Ti Samsung nìkan jẹ́ mílíọ̀nù 300 dọ́là. Ní oṣù kẹsàn-án 2013, iná sọ ní ilé-iṣẹ́ SK hynix tó wà ní ìlú Wuxi ní China, kò sì pẹ́ tí RAM fi gbówó lórí káàkiri àgbáyé. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìparí 2025, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ńláńlá fún iṣẹ́ ọpọlọ àtọwọ́dá ń ra ṣíìpù débi pé èyí tó kù fún àwọn onílé kéré, tí owó rẹ̀ sì fò sókè. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní bá oníṣòwò inú ọjà jà pé ó ń rẹ́ òun jẹ nígbà tí iye RAM bá yí padà láàárín oṣù méjì. Yóò sì fura sí ẹni tó bá ń ta á ní ìdajì iye tí gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tà á ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe ṣíìpù tán, wọ́n á ṣà á. Gbogbo èyí tó bá jáde lára àwo kan náà tí wọ́n ti ń gé ṣíìpù kò dọ́gba: àwọn kan lè sáré gan-an lórí iná kékeré, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí wọn kò bá sáré jù, àwọn kan sì ní yàrá tó kú sínú wọn. Èyí tó dára jù sábà máa ń lọ sí sáfà àti sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bíi Dell, HP àti Lenovo. Èyí tí kò kúnjú òṣùwọ̀n tó bẹ́ẹ̀ a máa lọ sí ọwọ́ àwọn tó ń ra ṣíìpù ní ẹ̀dínwó, tí àwọn mìíràn nínú wọn kì í sì dán an wò dáadáa kí wọ́n tó lẹ orúkọ tó wù wọ́n mọ́ ọn. Ibi yìí gan-an ni orúkọ ọjà ti ń ní ìtumọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń to ṣíìpù pọ̀ lè má ṣe ṣíìpù kankan, síbẹ̀ kí ó jẹ́ ẹni tó ń yan èyí tó dára, tó ń dán gbogbo rẹ̀ wò, tó sì ń dúró lẹ́yìn ọjà rẹ̀.

Kingston ni àpẹẹrẹ tó dára jù. John Tu àti David Sun, àwọn méjì tí wọ́n ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, dá a sílẹ̀ ní 1987 ní ìpínlẹ̀ California, nígbà tí irú ṣíìpù tí wọ́n ń lò fún RAM lásìkò náà wọ́n. Wọ́n fi ṣíìpù àtijọ́ tó wà lọ́pọ̀ yanturu ṣe RAM tuntun, ọjà náà sì tà. Títí di òní, Kingston kì í ṣe ṣíìpù, ṣùgbọ́n òun ló ti wà níwájú fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn tó ń to RAM pọ̀ fún títà. Corsair, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California ní 1994, àti G.Skill ti Taiwan gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe géèmù. ADATA àti Team Group, tí àwọn náà jẹ́ ti Taiwan, kì í wọ́n tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dára tó fún iṣẹ́ ilé. Crucial yàtọ̀ sí gbogbo wọn ní ti pé ọmọ inú ilé Micron ni, orúkọ tí Micron fi ń ta RAM rẹ̀ fún àwọn onílé láti 1996, nítorí náà ẹni tó ra á mọ̀ dájú pé ẹni tó ta á ló ṣe ṣíìpù rẹ̀. Ó jẹ́ àdánù gidi pé Micron kéde ní oṣù kejìlá 2025 pé òun yóò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun kò ní kó Crucial jáde mọ́ lẹ́yìn oṣù kejì 2026, kí òun lè kọjú sí àwọn oníbàárà ńlá. Àwọn tó wà nínú àtẹ ṣì dára láti rà, Micron sì ti ṣèlérí pé wáráńtì wọn kò ní yẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kí a sọ láìfi bò: láàárín Samsung, SK hynix àti Micron, onílé tó ń tẹ lẹ́tà, tó ń wo fíìmù, tí ọmọ rẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ lórí kọ̀ǹpútà kan náà, kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì fún un wà láàárín RAM tí a mọ orísun rẹ̀ àti èyí tí a kò mọ̀. Bí owó kò bá sì fi bẹ́ẹ̀ sí, RAM kan tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan lára, tó jẹ́ Kingston tàbí Samsung, sàn ju èyí tí iná aláràbarà ń tàn lára rẹ̀ tí kò sì sí ẹni tó mọ ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo RAM, tí wọ́n ní ó ń lé ooru lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún RAM tó ń sáré ní ìwọ̀n tó yẹ ẹ́, ó sì ní àléébù kan: kì í jẹ́ kí olùrà rí ohun tó wà lórí ṣíìpù.

Ohun tó wà lórí ṣíìpù àti lórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ RAM sì ni ẹ̀rí tó dájú jù. Ẹ jẹ́ ká wo RAM Samsung kan tó wọ́pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tí wọ́n kọ 8GB 1Rx8 PC4-2666V sí ara rẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ M378A1K43CB2-CTD. 8GB ni ìwọ̀n ohun tó lè gbà. 1Rx8 ń sọ pé ọ̀wọ́ ṣíìpù kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, tí ṣíìpù kọ̀ọ̀kan sì ń gbé ẹyọ 8, ìyẹn 1 tàbí 0 mẹ́jọ, jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí pé CPU ń gba 64 lẹ́ẹ̀kan, ṣíìpù mẹ́jọ ni ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì kà wọ́n tí wọn kò pé mẹ́jọ ti mọ̀ pé bébà náà kò bá RAM mu. PC4 túmọ̀ sí pé DDR4 ni, 2666 sì ni ìyára rẹ̀, ìyẹn iye mílíọ̀nù ìgbà tó lè gbé nǹkan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. M378 tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà ń sọ pé ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni. Bí ó bá jẹ́ M471, ti láptọ̀ọ̀pù ni. Lórí ṣíìpù fúnra rẹ̀, èyí tó bá jẹ́ ti Samsung máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú K4, ti SK hynix máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú H5, ọ̀pọ̀ ti Micron sì máa ń ní D9 nínú àmì kúkúrú rẹ̀. Corsair, tí irin bo tirẹ̀, a máa tẹ nọ́ńbà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ver sí ara bébà rẹ̀: bí 3 bá tẹ̀ lé e, ṣíìpù Micron ló wà nínú rẹ̀, 4 jẹ́ ti Samsung, 5 sì jẹ́ ti SK hynix. Bébà tó rí wúruwùru, tí lẹ́tà rẹ̀ ń pòórá bí a bá fi àtàǹpàkò nù ún, tàbí ṣíìpù mẹ́jọ tí ọjọ́ orí wọn àti bí wọ́n ṣe ń dán kò dọ́gba, jẹ́ àmì pé wọ́n ti tún un ṣe láti ara òkú RAM mìíràn.

Ní ọjà Computer Village ní Ìkẹjà, níbi tí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ pọ̀ sí, ẹni tó bá mọ ohun tó ń wá lè rí RAM tó dára gan-an, nítorí pé èyí tí wọ́n yọ lára Dell tàbí HP tó ti ọ́fíìsì kan ní London tàbí Amẹ́ríkà wá sábà máa ń jẹ́ Samsung, SK hynix tàbí Micron pọ́ńbélé. Kì í ṣe ohun ìtìjú láti ra irú rẹ̀. RAM kì í gbó bí bátìrì tàbí háàdì dísìkì ti ń gbó, èyí tó bá sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta láìṣìṣe ti fi ara rẹ̀ hàn ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ nínú ọ̀rá lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀fìn méjì wà níbẹ̀ tí àwọn tí ojú wọn kò là ń já sí. Àkọ́kọ́ ni RAM sáfà, tí wọ́n kọ lẹ́tà R sẹ́yìn ìyára rẹ̀, bíi PC4-2666V-R. Ó sábà máa ń pọ̀ ní GB, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n mọ́dábọ́ọ̀dù ilé, ìyẹn pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń rọ̀ mọ́, kò ní gbà á, kọ̀ǹpútà náà kò sì ní tàn. Èkejì ni RAM DDR3 olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ti kọ̀ǹpútà tó ní CPU AMD nìkan ni: ṣíìpù tó ń gbé ẹyọ 4 jáde, tí wọ́n ṣe fún sáfà, ni wọ́n lò lára rẹ̀, ẹni tí CPU kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá sì jẹ́ Intel ti fi owó rẹ̀ ṣòfò.

DDR tí a ti ń dárúkọ láti òkè wá ni ìran RAM. Àjọ tó ń ṣètò òṣùwọ̀n ẹ̀rọ irú èyí, tó ń jẹ́ JEDEC, ló ń ṣe òfin ìran kọ̀ọ̀kan: DDR3 jáde ní 2007, DDR4 ní 2012, DDR5 ní 2020. Ìran kan kò wọ ojúhò ìran mìíràn, nítorí pé àlàfo kékeré tó wà ní etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sí ní ojú kan náà. Ẹni tó bá ń fi agbára tì í wọlé yóò ba mọ́dábọ́ọ̀dù jẹ́. Kí olùrà tó kúrò nílé, kí ó yọ RAM tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ó sì mú un dání, tàbí kí ó ya àwòrán bébà ara rẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹyọ méjì tó jọra látinú páálí kan náà dára ju ẹyọ kan lọ, nítorí pé CPU lè bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìyára wọn kò bá dọ́gba, èyí tó lọ́ra jù ni gbogbo wọn yóò máa bá rìn.

Ìyára ńlá tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sára páálí kò yẹ kó dá onílé láàmú. RAM DDR4 tí wọ́n kọ 3600 sí, fún àpẹẹrẹ, kì í sáré tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Àfi kí onílò wọ inú ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà kó sì tan ohun tí Intel ń pè ní XMP, tí AMD ní irú tirẹ̀ fún DDR5 tó ń jẹ́ EXPO. Nígbà náà, RAM náà yóò gba iná ju ìwọ̀n tí JEDEC fọwọ́ sí lọ, 1.35 fóòtì dípò 1.2. Kò burú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ó láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó bá ń kú lójijì lẹ́yìn èyí, ohun àkọ́kọ́ láti ṣe ni kí a pa XMP kí a sì wò ó bóyá ara rẹ̀ yóò yá. Fún kọ̀ǹpútà tí a fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ láìyọnu, DDR4 tó jẹ́ 3200 tàbí èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ tó o.

Kingston, Corsair, G.Skill àti Crucial ń fún RAM wọn ní wáráńtì gbogbo ayé ọjà náà, ìyẹn ni pé ilé-iṣẹ́ náà yóò pààrọ̀ rẹ̀ nígbàkígbà tó bá bàjẹ́, bí kì í bá ṣe pé onílò ló ṣe é ní jàǹbá. Ìlérí yìí dára, ó sì jẹ́ ẹ̀rí pé ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ pé díẹ̀ ni yóò padà wá. Àmọ́ fún ẹni tó ra ọjà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ilé-iṣẹ́ náà jìnnà, ọwọ́ ẹni tó tà á ni wáráńtì gidi wà. Samsung àti SK hynix tí wọ́n yọ lára kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò sì ní wáráńtì kankan ju èyí tí oníṣòwò bá fúnra rẹ̀ sọ, tí kì í sábà ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Kí olùrà gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ nọ́ńbà RAM náà sí i lódindi, kí wọ́n sì kọ iye ọjọ́ tí wọ́n ṣèlérí sí i pẹ̀lú. Òfin ààbò oníbàárà Nàìjíríà ti 2018 fún olùrà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, ẹ̀tọ́ náà kò sì rọrùn láti jà fún bí kò bá sí ìwé lọ́wọ́. Ẹni tí ìbátan rẹ̀ bá rà á fún láti ìlú ọba ní àǹfààní mìíràn: òfin wọn ti 2015 fún olùrà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá ọjà tó ní àbùkù padà kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ yìí sì lè tán kí ẹrù tó dé Nàìjíríà bí kò bá sí ẹni tó dán an wò lọ́hùn-ún.

Dídán RAM wò kò gba owó kankan. Ní orí Windows, a ó tẹ bọ́tìnì Windows àti R pọ̀, a ó kọ mdsched.exe sínú àpótí tó bá yọ, a ó sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà náà kú kó sì tún tan kí ó lè ṣe àyẹ̀wò ara rẹ̀. Àyẹ̀wò yẹn ń rí àbùkù tó hàn gbangba. Èyí tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ ni MemTest86 tàbí Memtest86+, tí a ó kó sórí fíláàṣì, tí a ó sì fi fíláàṣì náà tan kọ̀ǹpútà kí Windows tó dìde; yóò máa kọ nǹkan sínú gbogbo yàrá RAM, yóò máa kà á padà, yóò sì máa wò ó bóyá ohun tó kọ ni ó bá níbẹ̀. Ó yẹ kó yípo lẹ́ẹ̀mẹrin ó kéré tán, èyí tó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí náà ìgbà tí iná ọba bá dúró tàbí tí ínfátà bá wà ni kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò sí àṣìṣe tó ṣeé fojú fò: RAM tó bá ní àṣìṣe kan ṣoṣo kò yẹ fún iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Bí àṣìṣe bá jáde, kí a má tètè dá RAM lẹ́bi. A ó pa kọ̀ǹpútà, a ó yọ wáyà iná rẹ̀ lára ògiri, a ó fọwọ́ kan ibi tó jẹ́ irin lára àpótí rẹ̀ kí iná tó wà lára aṣọ ẹni má baà ba ṣíìpù jẹ́, a ó sì yọ RAM náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ aláwọ̀ wúrà lè ti dọ̀tí. Rọ́bà tí ọmọ ilé ìwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ tó láti fi nù ún jẹ́jẹ́, kí a sì gbọn èérún rẹ̀ dànù. Bí àṣìṣe náà kò bá lọ lẹ́yìn tí a dá a padà, tí RAM sì jẹ́ méjì, kí a dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì gbé èyí tó ń ṣe àṣìṣe lọ sí ojúhò mìíràn. Bí àṣìṣe bá bá RAM náà lọ síbi tuntun, òun ló bàjẹ́, kí ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ojúhò kan náà ni àṣìṣe ń dúró sí láìka RAM tí a ki bọ̀ ọ́ sí, mọ́dábọ́ọ̀dù ló ní àrùn, RAM tuntun kò sì ní wò ó sàn, ìbáà jẹ́ ti Samsung.